Ta Ló Ń Ṣọ́ Àlàfo Láàrin Bàálù Méjì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó bá ti retí èèyàn rẹ̀ rí ní Heathrow tàbí ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ ó ṣí Flightradar24 lórí fóònù, ẹ ó wo bàálù kékeré kan tó ń rá pálá kọjá lórí aginjù Sàhárà, ẹ ó sì sọ fún ará ilé pé, "Wọ́n ti kúrò lórí Algeria." Ohun tí fóònù yín ń fi hàn yẹn, bàálù fúnra rẹ̀ ló ń ké e jáde. Bí fóònù ọwọ́ yín bá wá lè rí i, kí ló dé tí bàálù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀run kò ní rí i? Bó bá sì rí i, ṣé awakọ̀ rẹ̀ lè fúnra rẹ̀ ṣọ́ àlàfo tó wà láàrin àwọn méjèèjì, kó má dúró de ẹni tó jókòó nílẹ̀? Ohun tí ojú ìwé yìí dá lé lórí nìyẹn.

Ta ló ń ṣọ́ àlàfo náà lónìí?

Ẹni tó wà nílẹ̀ ni. Àwọn adarí ìrìnnà òfurufú (adarí la ó máa pè wọ́n níhìn-ín) ló ń sọ fún awakọ̀ pé gòkè dé ibí, yà sápá ọ̀tún, dẹ eré. Níbi tí rédà wọn bá dé, máìlì òkun 5 ni wọ́n sábà máa ń fi sáàrin bàálù méjì tó wà ní gíga kan náà, ìyẹn kìlómítà 9 ó lé díẹ̀. Nítòsí pápákọ̀, ó lè wálẹ̀ sí máìlì 3. Bí àlàfo ẹ̀gbẹ́ kò bá sí, àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà: ẹsẹ̀ bàtà 1,000.

Àlàfo yẹn lè dà bí rẹpẹtẹ létí ẹni tó ń wakọ̀ ní Òṣòdì. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Bàálù méjì tó dojú kọra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré kìlómítà 900 ní wákàtí kan, mítà 500 ni wọ́n fi ń súnmọ́ra ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kìlómítà 9 náà, ìṣẹ́jú àáyá 18 ni wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Lórí òkun ńkọ́? Ojú rédà kò tó ibẹ̀. Ìṣirò ni adarí ti ń lò níbẹ̀ tipẹ́: awakọ̀ á sọ pé òun kọjá ibi báyìí ní aago báyìí, òun á dé ibi tó kàn ní aago báyìí. Nítorí pé ìṣirò lè ṣì, àlàfo gbọ́dọ̀ tóbi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n ń fi sáàrin bàálù méjì tó tò tẹ̀ lé ara wọn, ìyẹn nǹkan bíi máìlì òkun 80. Ìrìn-àjò Èkó sí Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni bàálù ṣe ń ké ibi tó wà jáde?

ADS-B ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Bàálù á gba ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì GPS, á wá fọ́n ọn ká lórí rédíò 1090 MHz, bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan: orúkọ mi nìyí, ibi tí mo wà nìyí, gíga mi nìyí, eré tí mo ń sá nìyí. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ń gbọ́. Ẹ rántí alábàárù tó ru àpò ìrẹsì wọ àárín ọjà Dúgbẹ̀. Kì í dúró wo ojú ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ariwo ló ń pa lọ: "Ẹ yà o! Ẹ yà lọ́nà o!" Ẹni tó bá létí á yà.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ yìí pín sí, ìyàtọ̀ wọn ló sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ dúró. Kíké jáde ni wọ́n ń pè ní ADS-B Out. Gbígbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń ké, kí ó sì hàn lójú ẹ̀rọ níwájú awakọ̀, ni wọ́n ń pè ní ADS-B In. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2020, Amẹ́ríkà ti sọ kíké di dandan fún bàálù tó bá fẹ́ wọ ọ̀pọ̀ nínú òfurufú tí adarí ń bójú tó. Ilẹ̀ Yúróòpù náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún àwọn bàálù ńlá. Àmọ́ gbígbọ́ kò di dandan lábẹ́ òfin wọ̀nyẹn. Ọjà ti kún fún alábàárù tó ń pariwo, díẹ̀ ló sì létí láàrin wọn.

Ṣé kì í ṣe TCAS tí gbogbo bàálù ńlá ti ní tipẹ́ nìyẹn?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù nìyí, ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ sí i. TCAS, ẹ̀rọ inú bàálù tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ kí bàálù méjì má bàa forí gbárí, kì í ṣọ́ àlàfo. Ìgbà tí àlàfo bá ti bàjẹ́ tán ló máa ń jí.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1986 ni bàálù Aeroméxico kan àti bàálù kékeré kan forí gbárí lórí Cerritos ní California. Ènìyàn 82 ló kú, 15 nínú wọn wà nílé wọn nílẹ̀, wọn ò wọ bàálù kankan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn bàálù akérò ńlá máa gbé TCAS. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé: ó ń bi transponder (rédíò tó ń dáhùn ìbéèrè) bàálù tó wà nítòsí léèrè, ó ń wo bí èsì ṣe yára dé láti fi mọ bó ṣe jìnnà tó, bó bá sì rí i pé wọ́n fẹ́ pàdé, á kọ́kọ́ kìlọ̀. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 35, á pàṣẹ: gòkè, tàbí sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì á ti jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa yan ọ̀nà kan náà. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kì í sọ pé yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ ni Überlingen ní Jámánì, alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Keje 2002. Adarí kan ṣoṣo ní Zurich ló ń bójú tó ibi iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pẹ́ kó tó rí i pé bàálù Tupolev ti Rọ́ṣíà àti Boeing 757 ti DHL wà ní gíga kan náà. Ó sọ fún Tupolev pé kó sọ̀ kalẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, TCAS inú Tupolev sọ pé kó gòkè, ti DHL sì sọ pé kó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará DHL gbọ́ràn sí ẹ̀rọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbọ́ràn sí adarí. Àwọn méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ bára wọn. Ènìyàn 71 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ ọ́ kedere kárí ayé pé bí TCAS bá ti pàṣẹ, ẹ̀rọ ni kí awakọ̀ tẹ̀ lé, kí adarí dákẹ́. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà lọ. Ojú àwọn ẹ̀rọ ríran lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí kò yé àwọn ènìyàn ni ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun yìí fẹ́ ṣe tí TCAS kò ṣe?

Ó fẹ́ ṣọ́ àlàfo láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ó bàjẹ́. FAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà, àti Eurocontrol ti Yúróòpù jọ gbé ìwé kan jáde ní 2001 tó pín in sí ìpele mẹ́rin, títí di òní, ìpín yẹn ni wọ́n ṣì ń lò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìpele kìíní, awakọ̀ kàn ń rí àwọn tó yí i ká ni. Ohunkóhun kò yí padà nínú iṣẹ́ adarí. Èkejì, adarí á sọ fún awakọ̀ pé, "Tẹ̀ lé bàálù yẹn, má jẹ́ kí àlàfo yín kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá 90." Awakọ̀ ló ń dẹ eré, tó ń fi kún un, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọrùn adarí ló ṣì wà. Ẹ̀kẹta, adarí á gbé ẹrù náà lé awakọ̀ lọ́wọ́, fún bàálù kan tí a dárúkọ, fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀kẹrin, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ya gbogbo bàálù sílẹ̀, kò sí adarí láàrin.

Ẹ wo ìyàtọ̀ láàrin ìpele kejì àti ìkẹta dáadáa. Ó dà bí ìyá tó ní kí ará ilé "bá mi fojú sí ọmọ yìí" nígbà tó ń da ẹ̀kọ lórí iná níbẹ̀, àti ìyá tó gbé ọmọ fúnni tó jáde lọ sọ́jà. Ọmọ kan náà ni, ojú kan náà ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣubú, ẹni tí a ó bi léèrè ti yí padà.

Níbo ni wọ́n ti lò ó ní tòótọ́?

Lórí òkun ló ti kọ́kọ́ mú èso gidi, ìdí rẹ̀ sì ni epo. Bàálù tó gbéra lọ sí ọ̀nà jíjìn wúwo. Bí epo bá ti ń jó tán díẹ̀díẹ̀, ó ń fúyẹ́, òkè ni ó sì ti máa ń jẹ epo díẹ̀. Awakọ̀ á fẹ́ kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 34,000 lọ sí 36,000. Ṣùgbọ́n bàálù mìíràn wà ní 35,000, níwájú díẹ̀. Nítorí pé àlàfo tí adarí ń ṣírò tóbi, adarí á ní rárá, dúró síbẹ̀. Bàálù á há sísàlẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, bí dánfó tó há sẹ́yìn táńkà ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, yóò sì máa jó epo dànù.

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní ITP ni wọ́n fi tú u. Awakọ̀ tó ní etí ADS-B á wo ẹ̀rọ rẹ̀, á rí bàálù tó dínà, á sì sọ fún adarí pé, "Máìlì báyìí ló wà láàrin wa." Bí àlàfo bá tó máìlì òkun 15, tí eré tí wọ́n fi ń súnmọ́ra kò ju knot 20 lọ (knot kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan), tàbí tí ó tó máìlì 20 tí eré náà kò ju knot 30 lọ, adarí á ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, á sì jẹ́ kó gòkè kọjá. Ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀ ni pé àlàfo náà kò ní wálẹ̀ ju máìlì 10 lọ títí tí yóò fi gòkè tán. Ní 2011, United bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò pẹ̀lú àwọn Boeing 747 lórí Òkun Pàsífíìkì, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn FAA.

Ẹ ṣàkíyèsí pé adarí kò gbé ẹrù sílẹ̀ níbí yìí. Awakọ̀ yá a lójú ni, kò gba iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ìdí tó fi tètè wọlé nìyẹn.

Nǹkan mìíràn wá ṣẹlẹ̀ tí àwọn tó ń pète ITP kò fi bẹ́ẹ̀ retí. Ní 2019, iléeṣẹ́ Aireon bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú etí ADS-B tí wọ́n so mọ́ sátẹ́láìtì 66 ti Iridium. Àwọn adarí tó ń bójú tó Àríwá Òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàálù láàrin òkun, àlàfo níbẹ̀ sì lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi máìlì 14. Adarí ti rí ojú tirẹ̀, kò nílò láti yá ti awakọ̀ mọ́.

Nígbà tí bàálù bá ń bọ̀ wálẹ̀ ńkọ́?

Níbẹ̀ ni owó wà. Ní pápákọ̀ tí èrò pọ̀ sí, adarí tí kò dá bí bàálù ṣe máa dẹ eré lójú á fi díẹ̀ lé àlàfo, kó lè sùn dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ yẹn, láti òwúrọ̀ dalẹ́, á pa àyè ọ̀pọ̀ bàálù run. Bí ẹ̀rọ inú bàálù bá ń ṣírò eré tí yóò fi tẹ̀ lé ẹni iwájú, àlàfo á dúró bó ṣe yẹ. NASA dán an wò pẹ̀lú bàálù mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Washington ní 2017, American Airlines sì ti fi etí ADS-B sínú àwọn Airbus A321 rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ àti adarí gbà á báyìí náà?

Awakọ̀ fẹ́ràn láti rí. Ṣíṣọ́ ni ọ̀rọ̀ mìíràn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálẹ̀, tí ọwọ́ wọn ti kún. Àwọn adarí ní tiwọn ń bẹ̀rù ohun kan tó mọ́gbọ́n dání: bí mo bá gbé àlàfo bàálù mẹ́fà lé àwọn awakọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ ọ̀kan wá kú lójijì tó sì dá a padà fún mi, ṣé mo ṣì ní àwòrán gbogbo wọn lórí?

Nílẹ̀ Áfíríkà ńkọ́? Ṣé ó kàn wá?

Ó kàn wá, ó sì ti pẹ́ tí àwọn awakọ̀ tó ń fò lókè wa ti ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu. Ìlànà kan wà tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, là sílẹ̀ fún apá ibi tí rédíò adarí kì í fi bẹ́ẹ̀ dé: awakọ̀ á gbé rédíò sí 126.9 MHz, á sì kéde orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ àti aago tí yóò kọjá ibi báyìí. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀nà àwọn fẹ́ pàdé á dáhùn, wọn á jọ yanjú ẹ̀. ADS-B alohùn ẹnu ni, alábàárù gidi.

Ó tún ní ohun tí GPS bá wa mú wá. Látijọ́, bàálù méjì tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà kì í sí lórí ilà kan gan-an. Àṣìṣe kékeré á ti yà wọ́n. GPS ti mú kí àwọn méjèèjì máa gun ilà kan náà gééré, nítorí náà bí ọ̀kan bá ṣì gíga, orí ara wọn ni wọn yóò bá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba awakọ̀ láyè láti yà sọ́tùn-ún ní máìlì kan tàbí méjì ní àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 2008 pẹ̀lú, ní Áfíríkà, àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ bàtà 29,000 sí 41,000 ti dín kù láti 2,000 sí 1,000.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 2015 fi ewu yẹn hàn wá. Bàálù Boeing 737 ti Ceiba gbéra ní Dakar, ó ń lọ sí Kùtọnu kó tó lọ sí Malabo. Bàálù kékeré kan tó gbé aláìsàn ń bọ̀ láti Ouagadougou sí Dakar. Ẹsẹ̀ bàtà 34,000 ni wọ́n ní kí èyí kékeré wà, 35,000 ni ti 737. Ṣùgbọ́n 35,000 ni àwọn méjèèjì wà, wọ́n sì gbára. 737 pàdánù ṣóńṣó apá rẹ̀ kan, ó fi Kùtọnu sílẹ̀, ó sì balẹ̀ sí Malabo láìséwu. Èyí kékeré fò kọjá Dakar wọ inú òkun pẹ̀lú ènìyàn 7.

Níbi tiwa gan-an, ẹ rántí Ejìnrìn lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1996. Bàálù ADC tó ń bọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó fẹ́ yà fún bàálù mìíràn lójú ọ̀run. Bó ṣe yà ló dojú dé, ó sì já. Àwọn bàálù méjèèjì kò kanra rárá, síbẹ̀ ènìyàn 144 kú. Nígbà yẹn, Nàìjíríà kò tíì ní rédà TRACON, tó wá dé ní 2010 tó so Èkó, Ìlọrin, Kano àti àwọn ibòmíràn pọ̀. Bí àlàfo bá ti hàn sí gbogbo ènìyàn láti ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, yíyà wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ì bá jẹ́. Àǹfààní ṣíṣọ́ ṣáájú nìyẹn lórí TCAS àti lórí ojú lásán.

Bí bàálù bá parọ́ ńkọ́?

Ẹ̀rọ náà kì í wádìí. Ohun tí a bá sọ fún un ló ń ké. Bí ẹ̀rọ tó ń ka gíga bá ṣì í, àṣìṣe náà ni yóò kéde. Bí ẹnikẹ́ni bá fi rédíò da GPS rú, bí wọ́n ti ń ṣe ní agbègbè ogun nítòsí Òkun Baltic àti Ìlà-Oòrùn Mẹditaréníà, bàálù lè máa ké ibi tí kò sí. Ọ̀rọ̀ tó ń fọ́n ká náà kò sì ní àmì ìdánimọ̀, ẹni tó bá ní ìmọ̀ lè fọ́n irọ́. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí a kó rédà dànù, tí TCAS náà sì ṣì ń fúnra rẹ̀ wọn bí ẹnìkejì ṣe jìnnà tó. Ohun kan tó yẹ kí inú wa dùn sí: sátẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-1R, ni ASECNA (àjọ tó ń bójú tó ààbò ìrìnnà òfurufú fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà) lò láti 2020 láti máa fọ́n àtúnṣe GPS ká fún bàálù ní apá tiwa, wọ́n sì fò ó wò ní Lomé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021.

Ṣé irú ẹ̀rọ yìí ì bá gba àwọn èèyàn Washington là ní 2025?

Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025, bàálù American Eagle kan tó fẹ́ balẹ̀ àti hẹlikópítà ọmọ ogun kan forí gbárí lórí odò Potomac, ní Washington tó jẹ́ olú ìlú Amẹ́ríkà. Ènìyàn 67 kú. Hẹlikópítà náà kò ké ADS-B jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn. TCAS inú bàálù kì í pàṣẹ gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀. Adarí bi àwọn ará hẹlikópítà bóyá wọ́n rí bàálù náà. Wọ́n ní àwọn rí i, wọ́n sì gbà láti fi ojú ara wọn ṣọ́ àlàfo.

Ìpele kẹta nìyẹn, pẹ̀lú ojú lásán, lóru, láàrin iná ìlú. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé kí á má gbé ẹrù àlàfo lé awakọ̀ lọ́wọ́ gbàgbé pé a ti ń gbé e lé wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pẹ̀lú "mo rí i" lásán. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi fọkàn tán ojú ènìyàn nínú òkùnkùn, tí a ó wá máa ṣiyèméjì sí ojú tó ń fi máìlì àti orúkọ bàálù hàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù fún ni, ẹ gbé òṣùká tì í.

Ìgbà wo ni adarí ò ní sí mọ́?

Ẹ má retí ẹ̀ láìpẹ́. Ní 1995, ìgbìmọ̀ RTCA ní Amẹ́ríkà gbé àbá kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Free Flight, pé kí awakọ̀ máa yan ọ̀nà ara wọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé etí kò wúlò bí aládùúgbò kò bá ké, iléeṣẹ́ tó bá sì kọ́kọ́ ra etí á náwó tirẹ̀ kí èrè tó dé. Èkejì ni pé àlàfo nìkan kọ́ ni iṣẹ́ adarí: ta ló máa kọ́kọ́ balẹ̀, ta ló gbé aláìsàn, ibo ni òjò ti ń bọ̀.

Mo ń wọ bàálù lọ́la. Ṣé mo lè mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀rọ yìí?

Bó bá ń ké, ẹ ó rí i lórí fóònù yín kó tó gbéra. Bóyá ó ń gbọ́, kò sí ohun tí yóò fi hàn yín níjòókòó yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà lórí òkun, tí gbogbo èèyàn ti ń sùn, tí ẹ wá gbọ́ tí ẹ́ńjìnì fi díẹ̀ kún ohùn rẹ̀, tí imú bàálù gbé sókè fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó padà tẹ́jú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí ó kọjá táńkà náà ni.